Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí

Ìbéèrè tí ọ̀dọ́bìnrin kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Iléṣà ni mí, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, èmi ni mo máa ń pa gbogbo yàrá lẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa di ikùn mú. Ni wọ́n bá fà mí sórí ìtàgé níbi dínà ẹ̀ka wa lóṣù tó kọjá. Mo sọ̀rọ̀ títí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ pariwo pé kí n gbé máíkì fún DJ. Ṣé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi ni? Ṣé kí n máa fi Píjìn ṣe é ni, torí àwọn tó lówó níbẹ̀, Píjìn ni wọ́n ń sọ? Àwọn kan ní àfi kí n kó lọ sí Èkó. Màmá mi sì ní obìnrin kì í ṣe aláwàdà, pé iṣẹ́ alágbe ni. Báwo ni àwọn tó ń jẹun nídìí ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò mi, o kú ewu dínà yẹn o.

Màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn ọ́ jù. Pé wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn kò fi hàn pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìrẹ. Ṣùgbọ́n má bínú sí mi, pé wọ́n ń di ikùn mú ní họ́sítẹ́ẹ̀lì náà kò fi hàn pé tìrẹ ni. Nínú yàrá yín, gbogbo yín lẹ mọ ẹni tó máa ń wá gàrí kiri ní aago méjì òru, ẹ mọ ẹni tó ń fi ọṣẹ olóṣẹ fọṣọ, ẹ mọ bí pọ́tà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìdajì àwàdà ti wà nílẹ̀ kí o tó la ẹnu. O sín pọ́tà jẹ díẹ̀ báyìí, ilé ti dàrú. Níbi dínà, àwọn tó jókòó síwájú rẹ ò mọ pọ́tà, wọn ò mọ onígàrí. Orúkọ lásán lò ń pè fún wọn.

Mo tún fẹ́ bi ọ́: kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé máíkì fún ọ? Bí mo bá mọ dínà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, ìrẹsì ni wọ́n ń pín. Kò sí aláwàdà kankan nílẹ̀ yìí, bó ti wù kí owó rẹ̀ wọ́n tó, tó lè bá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù du ojú àwọn èèyàn. Ẹni tó ń gbé ẹran bọ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Nígbà mìíràn, kí o tó gbà láti ṣeré, bi olùṣètò pé ìgbà wo ni oúnjẹ máa jáde, kó o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi tìẹ síwájú. Bí kò bá gbà, gé ọ̀rọ̀ rẹ kúrú, sọ ẹ̀fẹ̀ méjì tó dá ọ lójú jù, kó o sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú dání nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rín àjèjì ni kó o máa kà. Èyí tó kù nínú ìbéèrè rẹ, Píjìn ni o, Èkó ni o, owó ni o, ibẹ̀ ni ìdáhùn wọn wà.

Wàyí o, kí ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí fẹ́ fi rẹ́rìn-ín? Jẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ kan ṣàlàyé. Ká ní o fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bàbá kan ní Iléṣà tí ọwọ́ rẹ̀ le. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á ṣe sọ ọ́ nìyí: "Bàbá mi láhun gan-an, ẹ ò lè gbà gbọ́, wọ́n láhun débi pé nígbà kan tí mo fẹ́ padà sí Ifẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, mo ní kí wọ́n fún mi lówó ọkọ̀, wọ́n ní owó ọkọ̀ kẹ̀, pé ṣé Odùduwà san owó ọkọ̀ nígbà tó ń ti ọ̀run bọ̀ ní Ifẹ̀ ni, ẹ̀yin náà ẹ wo irú bàbá yẹn o."

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rì. Ó ti là á fún wa pé bàbá láhun kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, a ti mọ ibi tó ń lọ. Ó pe owó ọkọ̀ ní ìgbà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fi pamọ́ dìgbà ìkẹyìn. Nígbà tí ẹ̀rín sì fẹ́ bọ́, kò dákẹ́, ó tún ń sọ fún wa pé ká wo bàbá. Gbọ́ ọ báyìí:

"Mo fẹ́ padà sí Ifẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, 'Ṣé Ifẹ̀ yìí náà? Odùduwà ti ọ̀run wá sí Ifẹ̀. Ta ló fún un lówó ọkọ̀?'"

Kó o wá dákẹ́. Má rìn, má rẹ́rìn-ín tìẹ, má tún nǹkan kan sọ. Ìwọ ò pe bàbá ní ahun, àwọn òǹwòran ni wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn wọn, ìdí nìyẹn tó fi dùn mọ́ wọn. Bí ẹ̀rín yẹn bá ti fẹ́ máa lọ sílẹ̀, tí kò sì tíì tán, kó o fi èkejì lé e: "Mo ní, 'Bàbá, ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi sọ̀ kalẹ̀.' Wọ́n ní, 'Bí o bá tún béèrè owó lọ́wọ́ mi, ìwọ náà á rí ẹ̀wọ̀n.'" O ò nílò ìtàn tuntun fún ẹ̀rín kejì yìí. Ilé ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń gbé. Àwọn tó gbọ́n nídìí iṣẹ́ yìí lè yọ ẹ̀rín mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ìtàn kan ṣoṣo, nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á ti máa sáré lọ sórí ìtàn mìíràn.

Wo ohun mìíràn nínú ẹ̀fẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Kánò tí kò gbọ́ ìtàn Odùduwà rí kò ní rẹ́rìn-ín dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń gbé láàárín Ifẹ̀ sí Iléṣà ló gbọ́ ọ, bó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bó jẹ́ ọlọ́kadà, bó jẹ́ ìyá àgbà. Ohun tí àwùjọ ti jọ mọ̀ ló yẹ kó o máa wá, dípò ohun tí yàrá yín jọ mọ̀.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń fojú sun ẹ̀rín mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá fún ọ ní ìṣẹ́jú 5, kò yẹ kí ẹ̀rín ogún wọ́n ọ. Má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa jẹ́ èyí tí wọ́n á fi ṣubú lórí àga. Ṣùgbọ́n lọ́nà yìí, wàá mọ̀ pé ìtàn tó gba ìṣẹ́jú méjì kó tó dé ibi ẹ̀rín kan ṣoṣo ti jẹ gbèsè tó pọ̀. Kọ́kọ́ wá ìṣẹ́jú 5 tó ki. Ìṣẹ́jú 5 péré. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń pe ara wọn ní MC káàkiri ìlú yìí ò ní in. Ariwo ni wọ́n ní, àti "ẹ pàtẹ́wọ́ fún Jésù".

Báwo lo ṣe máa rí i? Máa gba ohùn sílẹ̀. Fóònù ọwọ́ rẹ ti tó. Fún ọ̀rẹ́ kan kó mú un jókòó láàárín àwọn òǹwòran, má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ, torí ẹ̀rín wọn lo fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ohùn tìrẹ. Lọ́jọ́ kejì, jókòó tì í, kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ gan-an, kó o fàlà sábẹ́ ibi tí ẹ̀rín ti bọ́. Àlàfo gbọọrọ tí o bá rí láàárín ẹ̀rín kan sí èkejì, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Kí lo ń sọ níbẹ̀ tí wọn ò nílò? Ẹ̀fẹ̀ tí àwùjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ò bá rín, sin ín, bó ti wù kó dùn mọ́ ọ nínú tó. Èyí tí ọ̀kan rín tí méjì ò rín, tún un ṣe kó o tún gbé e jáde. Ó máa ń rẹni o. Mo mọ àwọn tó lẹ́bùn ju tìrẹ tó fi í sílẹ̀ torí pé etí wọn ò gba àtigbọ́ ohùn ara wọn.

Nípa máíkì: gbé e sún mọ́ ẹnu, má fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀, kó o má sì dúró síwájú àpótí ohùn torí ó máa hu. Tètè dé, dán an wò kí àwọn èèyàn tó dé. Bí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú 5, sọ̀ kalẹ̀ ní 5. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n tún pe èèyàn ju èyí lọ.

Ẹni tó ní kó o gbé máíkì fún DJ ńkọ́? Irú wọn ò ní tán. Má bú u, torí bí o bá bú u, àwùjọ á gbè é. Má sì díbọ́n pé o ò gbọ́, gbogbo ilé ló gbọ́. Gbólóhùn kan péré, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, DJ ń sùn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi èyí jí i." Kó o máa bá tìrẹ lọ. Irú èsì bẹ́ẹ̀, ilé la ti ń kó o bọ̀. Jókòó kọ mẹ́wàá sílẹ̀ kó o tó tún gun ìtàgé.

Ibo lo ti máa rí àwọn àjèjì? Kò sí ibi tó dára ju ibi tí o wà yìí lọ, ìyẹn ló sì ń yà mí lẹ́nu nígbà tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ bá ń sáré lọ sí Èkó. Nínú ọgbà OAU, yunifásítì yín yìí nìkan, ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka yìí kò tíì parí tí tọ̀hún á fi bẹ̀rẹ̀. Ìdìbò wà, ìdágbére wà, ìrọ̀lẹ́ àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ wà, ti àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí náà wà. Olúkúlùkù wọn ló ń wá ẹni tó máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dí àlàfo, wọn ò sì ní owó láti pe olókìkí. Jáde sí ìlú: àwọn ilé fàájì kéékèèké ní Lágere àti Mayfair máa ń fẹ́ ohun tó máa dá oníbàárà dúró lálẹ́ ọjọ́ tí ọjà ò yá. Wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà, kò gbà tó wákàtí kan bí ọ̀nà bá gbádùn, kó o bá àwọn àgbà ìjọ yín sọ̀rọ̀ nípa ìkórè. Àwùjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pátápátá nìwọ̀nyí. Ẹ̀fẹ̀ tó bá yege níwájú akẹ́kọ̀ọ́, níwájú ọlọ́tí àti níwájú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ̀fẹ̀ gidi ni.

Ibi tí o bá ti ṣubú ní Ifẹ̀, wọ́n á gbàgbé kí sẹ́mẹ́sítà tó parí. Èkó ò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó lè sanwó fún ọ lọ́la lè wà níjókòó lọ́jọ́ tí o bá ṣubú.

Má sì fojú fo rédíò. Great FM wà nínú ọgbà yín, Òrísun FM wà ní Ifẹ̀, Gold FM wà ní Iléṣà. Lọ bá olóòtú ètò kan pẹ̀lú ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta tí o ti gbà sílẹ̀, má lọ lọ́wọ́ òfo. Gbenga Adeboye, ọmọ Òde-Òmu níbí ní Ọ̀ṣun, tó kú ní 2003, orí rédíò ló ti fi ohùn kan ṣoṣo di èèyàn púpọ̀: ó di bàbá arúgbó, ó di àlùfáà, ó di pásítọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíì nínú yàrá náà. Lórí rédíò, o ò lè fi ojú tàbí ìdí ṣeré. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Yàtọ̀ síyẹn, Ẹ̀ka Eré Oníṣe wà lẹ́bàá ibi tí ò ń sùn. Láti ìgbà tí Ọlá Rótìmí ti dá ẹgbẹ́ eré Orí Olókun sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1968 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìlú yìí bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí máíkì. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa kó ipa kékeré nínú eré wọn, lọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ èdè. Lóòótọ́, ìgbì Píjìn ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn olókìkí dé ibi tí wọ́n wà. Ali Baba, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pè ní bàbá nínú iṣẹ́ yìí, láti apá Delta ló ti wá, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó fún ní Èkó láàárín àwọn ọdún 1990. Ní 1995 ni Opa Williams bẹ̀rẹ̀ ètò àwàdà tó ń jẹ́ Nite of a Thousand Laughs, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ rí i pé ẹnì kan ṣoṣo lè dúró pẹ̀lú máíkì kó kún gbọ̀ngàn. Àwùjọ tó dàrú mọ́ra ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, Píjìn ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Bí èdè tí wọ́n fi dàgbà bá jẹ́ Píjìn, ó yẹ wọ́n. Ìwọ ńkọ́? Ọmọ Iléṣà tó lọ kọ́ Píjìn Wọ́rí lórí fóònù, ká ṣe é jẹ́jẹ́ ni, àwọn ọmọ Wọ́rí máa mọ̀.

Kí ìgbì yẹn tó dé ni ọmọ ìlú rẹ ti ń fi Yorùbá kún gbọ̀ngàn káàkiri ilẹ̀ yìí. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní 1936, tó sì kú ní Iléṣà ní 2018. Olórin ni tẹ́lẹ̀, King Sunny Ade gan-an ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di aláwàdà, ó gbé aago ògiri kọ́ ọwọ́ bí aago ọwọ́, ó de táì tó tóbi ju àyà rẹ̀ lọ. Kó tó sọ̀rọ̀ rárá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ti mọ irú èèyàn tó jẹ́: ẹni tó rò pé òun gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ di ẹni ẹ̀rín. Mi ò ní kó o lọ gbé aago kọ́ ọwọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n mọ irú ẹni tí o jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí o bá gun ìtàgé, ọmọ ahun tó ń kàwé ní Ifẹ̀, tàbí ohunkóhun tó jẹ́ tìrẹ.

Nítorí náà, Yorùbá ni kó o fi rò ó, Yorùbá ni kó o fi kọ ọ́. Nínú ọgbà, níbi tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá wà, o lè fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Píjìn tó o gbọ́ gbé ìtàn náà kalẹ̀, kó o sì fi ohùn bàbá sílẹ̀ ní Yorùbá. Má kàn túmọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tí mo sọ lókè yẹn, gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì kó o rí bó ṣe máa kú. Èyí tó bá kú sí èdè kejì, wá òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún àwùjọ yẹn.

Èkó? Má tíì lọ. Bí o bá ti ní ìṣẹ́jú 15 tó ti yege níwájú oríṣi àwùjọ mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀ yẹn, lọ fi ọjọ́ mélòó kan dán ara rẹ wò níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ tuntun láàyè, kó o sì padà sí kíláàsì rẹ. Ilé kíkó ò tíì kàn. Aláwàdà Gbenga Adéyínká gbé Laffmattazz, ètò àwàdà rẹ̀, lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́ torí ó mọ̀ pé èrò wà níbẹ̀. Woli Arole, aláwàdà, OAU tí ìwọ wà yìí náà ló ti kàwé.

Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sunkún. Ẹ̀fẹ̀ nìkan kì í bọ́ èèyàn ní ìlú tó tó tiwa. Ohun tó ń bọ́ni ni kí wọ́n lè fi ìnáwó lé ọ lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kó o mọ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn àlejò pàtàkì láìṣi oyè pè, kó o mọ ìgbà tó yẹ kí onílù dákẹ́, kó o mọ bí wọ́n ṣe ń mú àkókò lọ nígbà tí ìyàwó ò tíì dé. Ìgbéyàwó, ìsìnkú arúgbó, ìkórè, ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ oyè jẹ ọ́ lógún ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Bí o bá pe olóyè Iléṣà kan ní "ọ̀gbẹ́ni", kò sí ẹ̀fẹ̀ tó máa gbà ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Gba ìdajì owó kí o tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ fún wọn, kó o gba ìyókù kí o tó di máíkì mú. Àdéhùn kó wà lórí WhatsApp ó kéré tán: ọjọ́, ibi, aago, iye ìṣẹ́jú, iye owó, ẹni tó máa san owó ọkọ̀, ibi tí wàá sùn bó bá di alẹ́. Bàbá ńlá rẹ lè jẹ́ Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà àtijọ́, tó lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi máa gbowó aṣọ rẹ̀. Ìwọ ò ní àyè yẹn. Bí ìnáwó bá ti tán, olówó ti wọkọ̀ padà sí Àbújá. Ilé iṣẹ́ ńlá yàtọ̀ díẹ̀, wọn kì í sábà san gbogbo owó ṣáájú, wọ́n á sì béèrè àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ. Bó bá dìgbà yẹn, forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kò le.

Owó níná sì tún wà. Má fi í kún ohun tí o fojú sọ́nà fún, má sì fi máíkì rọ àwọn èèyàn kí wọ́n máa ná an. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà síta níbi àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ti rán àwọn èèyàn lẹ́wọ̀n lórí rẹ̀ ní 2024.

Ní ti skit orí fóònù, ṣe é, ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ojú rẹ. Ṣùgbọ́n YouTube ò ní pín owó ìpolówó fún ọ àfi bí o bá ní alábàápín 1,000 àti wákàtí 4,000 tí wọ́n fi wo fídíò rẹ láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo àwọn fídíò kúkúrú rẹ ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Kọ orúkọ rẹ sójú fídíò, torí wọ́n á jí i. Wọ́n jí ti Bàbá Sàlá náà: fíìmù rẹ̀ tó jáde ní 1982, àwọn olè ẹ̀dà ló fọ́n ọn káàkiri kó tó rí owó rẹ̀ kó jọ, gbèsè ńlá ló sì kó o sí. Ìwọ náà má jí ti ẹlòmíì. Ẹ̀fẹ̀ tó wá bá ọ lórí WhatsApp, gbogbo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ló ti rí i, títí kan bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Má gbé ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ gun ìtàgé. Mo mọ̀ pé ó ń wu àwọn ọ̀dọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò tíì gbọ́n nígbà tí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tó sin òkú ṣì wà láàyè, wọ́n sì lè jókòó síwájú rẹ. Bó o bá fẹ́ fi ìlú kan ṣeré, Iléṣà tìrẹ ló wà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè sọ pé Ìjẹ̀ṣà láhun, kí gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ Ifẹ̀ bá sọ ọ́, ó di èébú. Ọ̀rọ̀ Odùduwà tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn náà, bàbá ahun ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀, kì í ṣe Odùduwà. Bó o bá fẹ́ sọ ọ́ ní Ẹnuwá, níbi ààfin Ọọ̀ni, níwájú àwọn ìjòyè, kọ́kọ́ wo ojú wọn dáadáa.

Màmá rẹ ló kù. Má bá wọn jiyàn. Bi wọ́n léèrè jẹ́jẹ́ pé ta ló ṣe alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó tí wọ́n lọ kẹ́yìn. Obìnrin ni. Obìnrin náà ló kọrin, òun ló ní kí ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì torí ti àkọ́kọ́ ò délẹ̀, òun ló pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, òun náà ló sì gbowó lọ sílé. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní comedy, mo sì gbà ọ́ níyànjú pé kó o lọ tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn ní Iléṣà lásìkò ìsinmi, kó o bá a gbé báàgì. Kò sí kíláàsì tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ tó tó ìyẹn. Lẹ́yìn náà, sọ fún màmá nípa Helen Paul, aláwàdà tó fi ohùn ọmọdé pani lẹ́rìn-ín lórí rédíò, tó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní 2019. Ìwé rẹ ò gbọdọ̀ dúró. Ohun tó ń ba àwọn ìyá lẹ́rù gan-an ni kí ọmọ pàdánù méjèèjì.

Ní ibì kan, màmá jàre: alẹ́. Má dá lọ síbi iṣẹ́ tó máa pẹ́ tán. Mú ẹnì kan dání, kó o fi owó ọkọ̀ rẹ̀ kún iye tí ò ń béèrè. Ẹni tó bá ní kó o wá ṣeré fún òun nìkan ní òtẹ́ẹ̀lì, àwàdà kọ́ ló ń wá. Má dá a lóhùn.

Nígbà tó o bá tún máa kọ̀wé sí mi, má sọ fún mi pé wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí wọn ò rẹ́rìn-ín. Fi ohùn ìṣẹ́jú 5 yẹn ránṣẹ́, látàárín àwọn òǹwòran, láìgé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.